Ìtàn Adébùsọ́lá ní Apá Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Adébùsọ́lá aya mi kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, nínú ilé wa ní Aramọkọ Èkìtì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni a fi jọ gbé.

Èmi Samson ni mo ń sọ̀rọ̀. N kò kàwé. Caleb ló ń kọ ọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ilé òun àti tèmi kọjú síra. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má bu iyọ̀ sí i.

Adébùsọ́lá ní ìtàn kan. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìlú Iná-Kì-í-Kú ni ó pè é. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Jayéọlá gun ọ̀kadà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò mọ̀ pé ẹni tó ń wà á kò ní ojú. Ọlọ́kadà náà gbé e lọ sí ẹ̀yìn òkè Ẹ̀fọ̀n, sí ìlú kan tí iná mànàmáná kì í kú, tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, tí kò sí ẹni tó ní òjìji. Ẹnubodè méje ni ó gbọ́dọ̀ là kọjá kí ó tó lè rí ọ̀nà ilé. Ìtàn náà gùn. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a ń fọ́ kòkó, a ó fọ́ òkìtì kòkó tán, Jayéọlá kò ní tíì dé ẹnubodè kẹta.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ má jẹ́ kí ìtàn yẹn bá mi wọ ilẹ̀." Mo ní kò ní bá a wọ ilẹ̀.

A ó tẹ̀ ẹ́ ní apá mẹ́wàá, apá kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò sọ ọ́, Caleb yóò kọ ọ́, Ọláolúwa tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Ìlogbò yóò tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọlọ́kadà yóò gbé e dé Ìlogbò, Ìkòrò, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n. Bí Adébùsọ́lá ṣe sọ ọ́ ni yóò ṣe jáde. Caleb ní kí n ní ìwé yìí lọ́tọ̀, kí ẹ̀rí lè wà bí ìjà bá dé. Ìjà yóò dé. Mo mọ àwọn èèyàn wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Kò sí iná láti ọjọ́ Ajé. Ọláolúwa ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù tún gbówó lórí. Ìlú tí iná kì í kú ni à ń kọ, ìlú tí iná kì í tàn ni à ń gbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Apá kìn-ín-ní jáde, inú sì ti bí mi.

Caleb kà á fún mi lórí ìjókòó iwájú ilé. Ó kà á dé ibi tí ìyá Jayéọlá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọrin pe ọmọ rẹ̀. Orin náà rèé, ní èdè Èkìtì wa:

Jayéọlá, padà wálé o,
Ulé dùn, ulé dùn.
Àtùpà ìyá rẹ ń jó lọ,
Ulé dùn, ulé dùn.

Ìgbà méje ni à ń kọ ọ́. Caleb kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní kí ó padà sẹ́yìn. Ó ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Mo ní kí ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a gbe orin náà lẹ́ẹ̀meje, ó parí.

Mo gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọláolúwa, níbo ni ègbè wà?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Mo kọ ọ́ pé lẹ́ẹ̀meje. Ẹni tó ń kà á á mọ̀ ọ́n. Bí a bá tẹ gbogbo rẹ̀, pépà la fi ń ṣòfò."

"Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ, ṣé 'òkèlè lẹ́ẹ̀meje' ni kí wọ́n kọ sínú àwo?"

Obìnrin kan tó wá ṣe fọ́tókọ́pì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ọláolúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìwé yàtọ̀ sí ẹnu."

Mo ní kí ó gbọ́ mi dáadáa. Ègbè kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ kan ni. Bí àwọn tó ń gbọ́ ìtàn bá gbè é lẹ́ẹ̀kan, Jayéọlá gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ilé. Bí wọn kò bá gbè é, ibi tó wà ló wà. Adébùsọ́lá a máa dákẹ́ láàárín ìtàn, a ní, "Ẹ kò gbè é. Ó ṣì dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá a dúró." Àwọn ọmọ á sì tún gbè é. Ìwọ wá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sí ojú títì.

Ó ní òun á tún un tẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ó tún un tẹ̀. Ègbè pé méje. Mo ní kí Caleb kà á, mo fi ìka ka iye rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan láti Ìlogbò dá mi dúró. Ó ní lánàá àwọn mẹ́fà ń bó ẹ̀gẹ́ nílé òun, ẹnì kan ń ka ìwé náà, àwọn tó kù ń gbè é. Ó ní nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kejì mọ́ ti àná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò jẹ́ kí ó rí ojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn kò gbé e mọ́.

Ẹrù apá kẹrin ti wà nílẹ̀ fún Àbámẹ́ta, Ọláolúwa sì sọ pé Elijah, alága wọn, ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo lọ bá wọn ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de èrò. Wọ́n tó mẹ́wàá lábẹ́ igi. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n fún mi ní ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyà jẹ ọ́ ní Aramọkọ, yóò kọ́kọ́ fún ọ ní ìjókòó.

Elijah ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà wa. Ṣùgbọ́n ìtàn yín ti ba ọjà wa jẹ́."

"Báwo?"

"Àwọn obìnrin kì í gùn wá mọ́ tí ọjọ́ bá ti rọ̀. Ẹ bi Kúnlé."

Kúnlé, ọkùnrin gíga kan tó wọ ẹ̀wù òjò, ní, "Bàbá, ìyá kan ní Ìkòrò ní kí n bọ́ akoto mi. Mo bọ́ ọ. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín kí òun rí i pé mo ní ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ orúkọ bàbá mi. Mo sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó ní ọwọ́ mi tutù jù, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rín in, inú ló ń bí mi.

Elijah ní kí a yí ọ̀kadà padà. Ó ní kí Jayéọlá gun mọ́tò. Ẹlòmíràn ní mọ́tò kò dára, àwọn onímọ́tò á bínú, kí ó gun ẹṣin.

Mo ní, "Ta ló ń gun ẹṣin ní Aramọkọ? Ọ̀kadà ni aya mi sọ. Nígbà tó ń sọ ọ́, ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ kíláàṣì ọ̀kadà."

Elijah ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà yẹn ní ojú díẹ̀."

"Kò ní ojú."

"Ẹ fún un ní imú nìkan."

Mo dìde kúrò lórí ìjókòó wọn. Mo ní bí wọn kò bá gbé e, èmi yóò fi orí mi gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fi orí mi gbé e. Ẹ̀yin Caleb, ẹ kọ ọ́ pé mo rìn lọ Ìlogbò, mo rìn bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Caleb ní kí n má pe òun ní ẹ̀yin, pé ṣe ni mo ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Kí ó kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Apá karùn-ún. Oòrùn mú. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi lọ́nà Ìlogbò, mo ń wo kòkó tó ti pọ́n tí n kò rí ẹni bá mi ká a, nígbà tí ọ̀kadà kan rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kúnlé ni. Ó bọ́ akoto, ó rẹ́rìn-ín kí n tó béèrè.

"Bàbá, ojú mi rèé. Ẹ gòkè."

Mo ní, "Alága yín ńkọ́?"

"Aya rẹ̀ tó ń tajà ní Ẹ̀fọ̀n ló rán mi. Ó ní bí apá karùn-ún kò bá dé Ẹ̀fọ̀n lónìí, alága kò ní jẹ oúnjẹ alẹ́."

Mo gòkè. Ó gba ìdajì owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò dúpẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ló dá ìjà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Ibà. Apá kẹfà ti wà lọ́wọ́ Ọláolúwa, àwọn ọlọ́kadà sì ti gbà láti máa gbé e. Ara mi kò gbé apá keje. Mo ní kí wọ́n fo ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Mo dìde lórí àkéte lónìí. Caleb wá kí mi. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, bó bá ti ń wo ilẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́.

Ó fa ìwé kan yọ lápò. Apá keje. Èmi kò sọ apá keje fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí ó kà á. Nínú ìwé yẹn, Jayéọlá dé ààfin Ìlú Iná-Kì-í-Kú, ọmọ ọba ìlú náà rí i, ó gbé e sínú jíìpù aláwọ̀ dúdú, ó kọ́ ilé alájà mẹ́ta fún un, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní gbogbo yàrá. Wọ́n fi ọjọ́ ìgbéyàwó sí Kérésì.

Mo ní kí Caleb mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní ara mi kò tíì yá. Mo ní bí kò bá mú mi lọ, màá fi eékún rìn lọ.

Ọláolúwa rí mi, ó dìde. "Bàbá, mo ń bọ̀ wá kí yín."

"Ta ló kọ èyí?"

"Àwọn èèyàn kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ń pè mí láti Ìjerò, láti Ẹ̀fọ̀n. Ẹnì kan ní ẹ ti kú. Mo rò ó pé kí n fi nǹkan kékeré dì wọ́n mú kí ara yín tó yá."

"Ìgbéyàwó ni nǹkan kékeré?"

"Bàbá, ó tà ju gbogbo ìyókù lọ."

Mo sọ fún un pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tan àtùpà dè nílé, tí ó ń kọrin pè é títí ohùn fi há, ìwọ mú un lọ fún ọkùnrin nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé Adébùsọ́lá wà láàyè, ìwọ kò jẹ́ dán an wò. Ikú ló fún ọ ní àyè, ìwọ sì gba àyè lọ́wọ́ ikú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

Mo ní kí ó kọ orúkọ gbogbo ibi tó kó o lọ.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

À ń gbà á padà. Kúnlé ń gbé mi, Ọláolúwa ń gun ọ̀kadà kejì tẹ̀lé wa, òun ni mo ní kí ó máa bẹ̀ wọ́n lẹ́nu ara rẹ̀. Ìlogbò rọrùn. Ẹ̀fọ̀n rọrùn, aya Elijah ti bá wa kó wọn jọ sínú apẹ̀rẹ̀. Ìkòrò ni ogun wà.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéyínká, aránṣọ, ní òun kò dá a padà. Ó jókòó lé e lórí.

"Bàbá, ọmọ yẹn ti jìyà tó. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ọmọ ọba."

"Irọ́ ni ọmọ ọba."

"Àwọn tó kù ńkọ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n? Ẹni tí kò ní ojú ń gun ọ̀kadà, ẹ pe ìyẹn ní òótọ́. Ọmọ ọba ní jíìpù, ẹ ní irọ́ ni."

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fi aṣọ bo ẹnu. Mo jókòó sórí àga kan, mo sọ ẹnubodè karùn-ún fún un bí aya mi ṣe sọ ọ́: oníbodè ní kí Jayéọlá fi ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí òun tó ṣílẹ̀kùn, Jayéọlá sì ní òun lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, òun kò fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi orin, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Gbogbo wọn gbè é, méje, ó pé. Adéyínká dìde, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ti rún wómúwómú.

Ó ní, "Ẹ tètè mú òtítọ́ yẹn wá o. Mi ò tíì dárí jì yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Apá keje tòótọ́ jáde. Mẹ́rin péré ni a kò rí gbà nínú ti irọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Òjò ti ń dẹ̀yìn. Owó kòkó wálẹ̀ sí i, àwọn tó ń ra kòkó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Apá kẹjọ àti kẹsàn-án ti jáde pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ku ẹyọ kan. Gbogbo ibi tí mo bá dé, ìbéèrè kan náà ni: ṣé ó padà sílé? Mo ní kí wọ́n dúró.

Ìbíyẹmí, àkọ́bí mi, ń bọ̀ lọ́la láti Ìjerò. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo bá ń sọ apá kẹwàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo ní kí Caleb kọ ọ́: Jayéọlá dé ẹnubodè keje, ẹnubodè náà kò ṣí, Jayéọlá kò padà sílé mọ́. Ó parí.

Caleb gbé bírò sókè, kò kọ ọ́. Ìbíyẹmí ní, "Bàbá, ìtàn ìyá kọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Ta ló bá a gbé, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n kì í parí báyẹn."

Inú bí mi gidigidi. Mo ti bá ọlọ́kadà jà, mo ti bá atẹ̀wé jà, ọmọ tí mo bí wá dìde sí mi nínú ilé mi. Mo sọ fún un ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Glory, àbígbẹ̀yìn wa, kú ní ọdún 1996, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, Adébùsọ́lá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Jayéọlá kò ní padà mọ́." Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ìbíyẹmí ní, "Bóyá ó sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Kérésì tó kọjá, kí ó tó kú, ó sọ ọ́ fún Àánú ọmọ mi, nínú yàrá yìí kan náà. Ó sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀."

"Èmi?"

"Ẹ jókòó títí dé ẹnubodè keje. Ẹ wá mú ọ̀pá yín, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wo ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ wo?"

"Bàbá, a kò ní ewúrẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti ta èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti ku ẹnubodè keje, ẹ ó dìde. Ìyá ní kí a má dá yín dúró. Ó ní bó bá ti wù yín, ẹ ó jókòó gbọ́ ọ tán ní ọjọ́ kan."

Mo ní, "Ó dára. Sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó padà àbí kò padà?"

"Kò ṣeé sọ ní gbólóhùn kan. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè kẹfà."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀ jù. Nígbà tí mo fi mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró, ọ̀pá sì ti wà lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì ń wò mí. N kò dárúkọ ewúrẹ́ kankan. Mo kàn jáde.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo jókòó sí láti àárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Caleb, kọ èyí, kí o sì fi ránṣẹ́ sí Ìjerò lọ́wọ́ Kúnlé.

Ìbíyẹmí, láti òní lọ, apá kẹwàá di tìrẹ. Má béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí yóò wà níbẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Mo ti gba ìwé padà lọ́wọ́ aránṣọ, mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí ìtàn tí n kò gbọ́ dé òpin láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Inú ṣì ń bí mi. Ó bí mi sí ìyá rẹ pé kò di aṣọ mi mú kí n jókòó. Ó bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wá ní Àbámẹ́ta. Ìwọ ni kí o sọ ọ́, kí Caleb kọ ọ́ lẹ́nu rẹ, kí Ọláolúwa tẹ̀ ẹ́ bí o bá ṣe wí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìjà, ọ̀dọ̀ rẹ ni kí ó gbé e wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi mọ́. Èmi yóò wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí o bá dé ẹnubodè keje tí o rí i pé mo ń na ọwọ́ sí ọ̀pá, má dá mi dúró, má sì wo ojú mi. Máa sọ ọ́ lọ.